Omi Tó Jáde Ni Kí A Wò

Ìdíje yìí ní kí a kọ ìtàn ohun kan tó yí ìgbé ayé àwọn ènìyàn padà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ní Kúta yóò kọ nípa Ogun Òwu, nípa Anlugbua, tàbí nípa bí àwọn baba ńlá wa ṣe tẹ ìlú yìí dó. Ìtàn ńlá ni wọ́n, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìtàn tèmi kò ní idà nínú, kò sì ní orúkọ tí onílù lè fi kini. Ìtàn omi ìgbẹ́ ni. Mo fẹ́ sọ bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti fi àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí wẹ omi ìdọ̀tí mọ́, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ọwọ́ di imú. Nínú gbogbo ìtàn tí mo kà lọ́dún yìí, òun ló kàn mí jù, nítorí omi kànga ni à ń mu nílé wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kúta, sókawéè sì ti wá pọ̀ nílùú ju ti ìgbà èwe àwọn òbí wa lọ.

Kí n tó lọ sí òkè òkun, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, igbó ẹ̀yìnkùlé àti ààtàn ni gbogbo ènìyàn ń lò. Ilé kò pọ̀, igbó sì fẹ̀. Oòrùn, adìyẹ àti kòkòrò inú ilẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Lẹ́yìn náà ni ṣaláńgá dé, wolé-wolé sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tí mo bi léèrè tí kò rántí wolé-wolé. Wọ́n á ṣí àmù wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà nínú rẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, wọ́n á yọjú sí ṣaláńgá bóyá ó ní ìdérí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wọ́ sí lẹ́yìn, kóòtù ló ń lọ. Ìyá àgbà ní, "Tí a bá ti gbọ́ pé wolé-wolé ti dé àdúgbò kejì, ọ̀rọ̀ gbígbálẹ̀ kò ní ariwo nínú mọ́." Ní Èkó tí ilé ti fún pọ̀, àwọn agbépòó ló ń gbé korobá ìgbẹ́ lórí ní òru, ọ̀sà ni wọ́n sì ń da púpọ̀ nínú rẹ̀ sí.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wolé-wolé tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ṣe ń lọ. Kò wá kọ́ nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ó wá wo ohun tí ẹ ti kọ́ ni, ó sì ń padà wá.

Ìlú London ni ìtàn yìí ti le jù. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, onígbáméjì wọ àdúgbò Soho, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó sì pa ènìyàn tó ju 600 lọ. Nígbà náà, òórùn burúkú ni ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ó ń fa àrùn. Dókítà John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń ti ilé bọ́ sí ilé, ó ń bi àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń pọn omi, ọ̀rọ̀ gbogbo wọn sì ń já sí orí kànga kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ ìfami, ní òpópónà Broad Street. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ń parí ìtàn náà sí nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló dá mi dúró. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Ihò ìgbẹ́ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà ti jẹrà ní ògiri, àárín òun àti kànga kò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀, omi kànga náà tòrò. Àwọn kan fẹ́ràn adùn rẹ̀ débi pé wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn ránṣẹ́ wá pọn ún.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 1858, oòrùn mú gan-an. Odò Thames, tí ìgbẹ́ gbogbo ìlú ń ṣàn lọ sí, rùn débi pé wọ́n rẹ kọ́tìnì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sínú oògùn kí àwọn aṣòfin lè rí imú mí. Nígbà tí òórùn dé ọ̀dọ̀ wọn ni òfin yá. Ẹnjiníà Joseph Bazalgette gba iṣẹ́ náà, ó kọ́ ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ káàkiri ìlú, ó sì kó ìgbẹ́ London lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ní Beckton àti Crossness. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì fi fìlà fún un. Ṣùgbọ́n kò wẹ ohunkóhun mọ́. Ó kàn gbé e síwájú ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1878, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Princess Alice rì nítòsí ibi tí omi ìgbẹ́ náà ti ń tú jáde. Ènìyàn tó ju 600 ló kú, ọ̀pọ̀ sì gbà pé irú omi tí wọ́n bọ́ sí wà lára ohun tó pa wọ́n.

Ta ló wá kọ́ ayé bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́? Ilẹ̀ ni. Ní 1868, Edward Frankland tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì kó òkúta wẹ́wẹ́ àti erùpẹ̀ sínú àwọn ọ̀pá ńlá, ó ń da omi ìgbẹ́ London lé wọn lórí. Tí ó bá ń dà á láìsinmi, erùpẹ̀ náà á dí, á sì máa rùn. Tí ó bá dà á, tó fún un ní ìsinmi kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, kó tó tún da òmíràn, omi tó ń kán nísàlẹ̀ máa ń mọ́. Kí ló wà nínú erùpẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí? Ní 1877, àwọn ará Faransé méjì, Schloesing àti Müntz, fún wa ní èsì lọ́nà kan tó dùn mọ́ mi gan-an. Wọ́n ń da omi ìgbẹ́ sórí iyanrìn. Fún nǹkan bí 20 ọjọ́, kò sí ohun tó yí padà. Lẹ́yìn náà ni ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé iyanrìn lásán ló ń ṣe é, kí ló fi 20 ọjọ́ dúró dè? Wọ́n fi èéfín oògùn tí dókítà fi ń kun ènìyàn lóorun sínú iyanrìn náà, iṣẹ́ sì dá dúró. Wọ́n bu erùpẹ̀ tuntun díẹ̀ sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Oògùn oorun kì í kun iyanrìn. Ohun ẹlẹ́mìí ló kùn.

Láti ìgbà náà ni ìwẹ̀nùmọ́ omi ìdọ̀tí ti di ọ̀rọ̀ ọ̀sìn. Bí ẹni ń sin adìyẹ ṣe ń ro ọ̀rọ̀ oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí jẹ ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ro ti wọn. Ní 1887, wọ́n dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Lawrence, ní Massachusetts ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún irú iṣẹ́ yìí. Ní 1895, Donald Cameron tó ń ṣiṣẹ́ fún ìlú Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ táńkì kan tí ó bò pa. Ará Faransé kan, Louis Mouras, ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n Cameron ló sọ ọ́ lórúkọ tí a ń pè é títí di òní, *septic tank*. Nínú táńkì yìí, ohun tó wúwo á rì, òróró á léfòó, omi àárín nìkan ni yóò jáde. Àwọn kòkòrò tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ á máa jẹ ohun tó rì, gáàsì á sì máa jáde lára iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi gáàsì ti Exeter tan iná níbi iṣẹ́ náà, ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Òkìkí kàn pé ìdọ̀tí yóò máa yòrò fúnra rẹ̀ láìku nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ Kúta ti bẹ̀rẹ̀. Cameron kò fi táńkì náà sílẹ̀ ní òun nìkan. Omi tó bá ti inú rẹ̀ jáde ń lọ sórí ibùsùn òkúta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án, kí ó tó lọ sí odò. Táńkì jẹ́ ìlàjì iṣẹ́. Ìlàjì kejì, tó jẹ́ ti Frankland, ni afẹ́fẹ́ àti erùpẹ̀.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rẹ̀ fún òkìkí nígbà náà. Oníkálukú tó kọ́ nǹkan ló ń sọ pé tòun ló dára jù. Ní 1898, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí omi ìgbẹ́, ìgbìmọ̀ náà sì ṣiṣẹ́ fún ọdún 17. Nínú ìròyìn wọn ti 1908, wọ́n sọ gbangba pé táńkì náà kì í jẹ gbogbo ìdọ̀tí tó wọ inú rẹ̀ tán. Ó ń kù, ó sì gbọ́dọ̀ di kíkó. Ẹ wò ó, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ èyí, síbẹ̀ àwọn kan ṣì wà ládùúgbò wa tí wọ́n gbà pé sókawéè tó dára kì í kún láéláé.

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà ṣe tó pọ̀ jù ni òṣùwọ̀n. Báwo ni ẹ ṣe lè fi nọ́ńbà sọ bí omi ṣe dọ̀tí tó? Ìdáhùn wọn rọrùn débi pé ọmọ SS 1 lè yé e. Ẹ bu omi náà sínú ìgò, ẹ dí i pa, ẹ gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á máa jẹ ìdọ̀tí, bí wọ́n sì ṣe ń jẹ ni wọ́n ń mí. Ẹ wọn ọ́síjìn inú omi náà lọ́jọ́ kìíní, ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ yọ èyí kúrò nínú tìṣáájú. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, ọ́síjìn púpọ̀ ni wọn yóò lò. (Tí omi náà bá le jù, ẹ ó kọ́kọ́ là á pẹ̀lú omi mímọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ́síjìn á tán kí ọjọ́ tó pé.) BOD ni wọ́n ń pe nọ́ńbà náà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn, Lajos Winkler ará Hungary ló ti gbé e jáde ní 1888.

Ní 1912, ìgbìmọ̀ náà là á sílẹ̀ pé omi tó bá ti ibi ìwẹ̀nùmọ́ jáde kò gbọ́dọ̀ ní BOD tó ju 20 lọ, ìdọ̀tí tó léfòó nínú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 30 lọ, ní mílígíráàmù nínú lítà kan bí a ṣe ń kà á lónìí. Nọ́ńbà méjì yìí rin gbogbo ayé. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ohun tí kò rìn tẹ̀ lé wọn dáadáa ni ìdí tí wọ́n fi yan wọ́n. Mo ka ìdí náà, mo sì mú bírò láti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé odò mímọ́ ní BOD 2, pé odò tó bá kọjá 4 ti ń bàjẹ́, àti pé ó kéré tán, lítà 8 omi odò yóò wà láti gba lítà 1 omi tó jáde. Tí omi tó jáde bá jẹ́ 20, ohun tí a ó rí nìyí: ìlọ́po 8 ti 2 jẹ́ 16, 16 àti 20 jẹ́ 36, pín in sí 9, ó ku 4 géérégé.

Ẹ wá gbé ìṣirò yìí wá sí Kúta ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ odò kéékèèké débi pé ọmọdé lè fò wọ́n kọjá. Tí odò bá ní lítà 1 péré láti fi gba lítà 1 omi tó jáde, 2 àti 20 jẹ́ 22, pín in sí 2, ó di 11. Omi kan náà tó yege ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ba odò jẹ́ níbí. Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n lò fún àyẹ̀wò náà jẹ́ 65 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tí í ṣe nǹkan bí 18 ní Celsius. Omi wa gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó bá wà ní 20 lè gbé nǹkan bí 9 mílígíráàmù ọ́síjìn nínú lítà kan. Tí ó bá gbóná dé 30, kò lè gbé ju nǹkan bí 7.5 lọ. Ẹja inú odò wa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tó kéré lápò.

Ní 1914, Edward Ardern àti William Lockett ní Manchester ṣe ohun mìíràn: wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìgbẹ́, wọn kò da ẹrẹ̀ tó rì nù, wọ́n ń dá a padà kí àwọn kòkòrò tó ti mọ iṣẹ́ lè máa bá a lọ. Ìlú ńláńlá ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n ó nílò iná mànàmáná lọ́sàn-án lóru, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Ohun tó bá ilẹ̀ wa mu jù ni adágún. Èyí tó sún mọ́ wa tó sì lókìkí ni ti Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ jẹ́ ti 1961; Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ni kí wọ́n tó kó lọ sí Ifẹ̀ ní 1967, ó sì di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Omi ìgbẹ́ àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ń gba páìpù lọ sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ fún un. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí irú adágún bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àwọ̀ ewé tó máa ń bo inú àmù tí a kò fọ̀? Ewé tín-ín-tín ni, òun ni ẹ̀rọ ibẹ̀. Oòrùn ń ran ewé náà lọ́wọ́ láti pèsè ọ́síjìn, kòkòrò ń fi ọ́síjìn náà jẹ ìdọ̀tí, ohun tí kòkòrò bá mí síta ni ewé náà tún ń jẹ. Ní ìsàlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, àwọn tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ń ṣe iṣẹ́ táńkì Cameron lórí ẹrẹ̀. Bí omi bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni kòkòrò àrùn ń kú tó, nítorí oòrùn kì í bá wọn ṣeré. Ohun tí a ní lọ́pọ̀ yanturu, tí a kì í sì í sanwó fún, ni adágún ń lò: ooru àti ìmọ́lẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2005, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì yunifásítì náà gan-an tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bu omi tó ń ti adágún náà jáde, wọ́n bu omi odò tó ń gbà á, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi adágún náà ń kó ìdọ̀tí bá odò. Àwọn kan lè ka èyí kí wọ́n sọ pé adágún kò dára. Ojú tí èmi fi wò ó yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ táńkì, ihò àti páìpù ló wà láti Èkó dé Ìlọrin tí ẹnikẹ́ni kò bu ìgò omi kan wò lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ wọn. A kò mọ̀ bóyá wọ́n sàn ju ti Ifẹ̀ lọ tàbí wọ́n burú jù ú. Ti Ifẹ̀ ni a mọ̀, nítorí àwọn tó ni ín ló wọ̀n ọ́n, wọn kò sì fi èsì rẹ̀ pamọ́. Orílẹ̀-èdè wa pàápàá, ọdún 1988 la ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àjọ tó ń rí sí àyíká sílẹ̀, ìyẹn FEPA, lẹ́yìn tí wọ́n rí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí Koko. Níbẹ̀ náà, ìgbà tí ìdọ̀tí ti dé ni òfin tó yá.

Nọ́ńbà ṣì wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Tí BOD omi bá jẹ́ 300 nígbà tó wọlé, tó sì jẹ́ 30 nígbà tó jáde, a ó sọ pé ìwẹ̀nùmọ́ náà gba 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú WAEC, A1 nìyẹn. Fún BOD, ó dára. Fún kòkòrò àrùn, kò tó nǹkan kan. Mílílítà 100 omi ìgbẹ́, tí kò kún kọ́ọ̀bù, lè ní kòkòrò inú ìgbẹ́ tó tó mílíọ̀nù 10. Tí ẹ bá yọ 90 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, mílíọ̀nù 1 ṣì kù. Ní 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi tí a bá fẹ́ fi bu ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ ní tútù kò gbọ́dọ̀ ní ju 1,000 lọ nínú ìwọ̀n kan náà. Láti mílíọ̀nù 10 dé 1,000, 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ti ẹ̀fọ́ nìyẹn o; ti omi mímu kò gbọ́dọ̀ ní ẹyọ kan. Ní 1991, onígbáméjì pa ènìyàn tó ju 7,000 lọ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe BOD ló pa wọ́n.

Mo lọ bá bọ̀dá mi kan tó jẹ́ bíríkìlà, tó ti gbẹ́ sókawéè púpọ̀ ní Kúta àti ní Ilé-Ogbó. Mo kí i, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé sókawéè tí ẹ gbẹ́ ń ṣiṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn? Tí kò bá kún, tí kò rùn, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Omi tó wọ inú rẹ̀ ńkọ́, sà? Ibo ló gbà lọ?"

"Ilẹ̀ mu ún. A máa ń gbẹ́ ẹ jìn kí ilẹ̀ lè mu ún dáadáa. Tí a bá kan ibi tó rọ̀, inú onílé á dùn, kò ní pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ fún ọdún gbọọrọ."

Mo bọ̀wọ̀ fún bọ̀dá mi, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ ló jẹ́ kí n pinnu láti kọ àròkọ yìí. Òṣùwọ̀n tí gbogbo wa ń lò ní Kúta ni pé kí ó má kún, kí ó má sì rùn. Òṣùwọ̀n yẹn ń wọn ìrọ̀rùn onílé. Kò wọn omi. Frankland fi hàn pé erùpẹ̀ ń wẹ omi nígbà tí omi bá rọra gba inú rẹ̀ kọjá, tí afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀. Sókawéè tí ilẹ̀ ń mu kíákíá, tó jìn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi abẹ́ ilẹ̀, kò fún erùpẹ̀ láyè láti ṣe ìlàjì iṣẹ́ tó kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣì lè rí àlàfo díẹ̀. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè wá pàdé rẹ̀. Nítorí náà, sókawéè tí kì í kún, tí gbogbo àdúgbò ń yìn, òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Wọ́n máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí àárín kànga àti ihò ìgbẹ́ tó mítà 30. Mítà 30 jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 98. Pulọ́ọ̀tì tí a ń tà lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ẹ fojú inú wò ó. Kí kànga àti sókawéè tó lè jìn síra wọn tó bẹ́ẹ̀ nínú pulọ́ọ̀tì kan, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun iwájú, èkejì ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn. Tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ti aládùúgbò ẹ̀yìn wa ńkọ́? Sókawéè tirẹ̀ lè wà ní ìdí ògiri wa. Mo fi ìṣísẹ̀ wọn tiwa: láti kànga wa dé sókawéè ilé kejì, ìṣísẹ̀ 19 ni. Kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ rú. Ilé méjèèjì kàn dé lọ́dún tó yàtọ̀ síra ni, oníkálukú sì wo ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán sí Kúta. Omi agbègbè Ìwó ń ṣàn lọ sí odò Ọ̀bà àti odò Ọ̀ṣun, odò méjèèjì sì ń wọ inú adágún Asẹ́jìrẹ́, níbi tí Ìbàdàn ti ń rí omi mu.

A kò lè kó ilé wa kúrò lórí pulọ́ọ̀tì wọn. A lè wo omi. Ní 1982, àwọn onímọ̀ kan ní Íńdíà gbé àyẹ̀wò kan jáde tí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá: ìgò tí a ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, àti bébà kékeré kan tí a ti rẹ sínú oògùn tí a sì ti gbẹ. Wọ́n á bu omi kànga sínú ìgò náà, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí kòkòrò inú ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, omi náà sábà máa ń dúdú láàárín ọjọ́ kan sí méjì tàbí mẹ́ta. Kò sọ iye kòkòrò, kò sì lè rọ́pò yàrá àyẹ̀wò ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kàwé pàápàá lè fi ojú rí dúdú. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kẹ́mísírì ti gbà pé kí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa ṣe é fún kànga 12, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù kejì nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù keje nígbà tí òjò bá ti kún ilẹ̀. Bọ̀dá mi ní òun yóò tẹ̀ lé wa, kí òun lè fi ibi tí sókawéè kọ̀ọ̀kan wà àti bí ó ṣe jìn tó hàn wá. Kànga wa ló wà ní nọ́ńbà kìíní lórí ìwé.